Opó tó wà lára ìgò ṣàmpéènì yín

Oṣù Ọ̀pẹ ti ń kanlẹ̀kùn, owó sì ti ń múra àtijáde lápò àwọn èèyàn. Ìgbéyàwó ló kún gbogbo Sátidé, ìkómọ kún Sọ́ńdè, ọ̀rẹ́ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé sì ní dandan ni kí gbogbo ẹgbẹ́ pàdé ní kíláàbù. Ibi tí ẹ bá yà sí, kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí ìgò kan tí bébà ara rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n. Wọ́n á gbé e jó kọjá láàárín èrò, iná á máa ta pàràpàrà lórí rẹ̀, gbogbo fóònù á sì dìde. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ orúkọ ìgò náà, Veuve Clicquot. Ẹ tiẹ̀ ti gé e kúrú sí Veuve lásán.

Mélòó nínú yín ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́? Opó ni. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni àwọn Faransé ń pè ní veuve. Ìgò tí ẹ̀ ń gbé sókè ya fọ́tò, orúkọ obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ìtàn obìnrin náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, kì í ṣe torí kí ẹ lè ra ọtí rẹ̀. Ó wọ́n, owó yín ni, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe máa ná an. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ kí èèyàn wò kó tó ra wáìnì tó ń hó, ì báà jẹ́ olówó gọbọi, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ló wà nínú ayé tí obìnrin yìí gbé. Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí pàápàá lè bá wa kà á, torí ọ̀rọ̀ opó àti ẹbí ọkọ wà ńbẹ̀, ìyẹn ò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Barbe-Nicole Ponsardin ni wọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1777 ni wọ́n bí i nílùú Reims, ní agbègbè Champagne, lápá àríwá ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé. Agbègbè yẹn ló fún ọtí náà lórúkọ. Ọmọ olówó ni. Bàbá rẹ̀, Nicolas Ponsardin, ní ilé iṣẹ́ aṣọ híhun, ó sì mọ òṣèlú bí ẹni mowó. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé ní 1789, tí ayé àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú, bàbá yìí sáré lọ darapọ̀ mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Nígbà tó yá tí Napoleon gba ìjọba, ó tún di èèyàn Napoleon, ó sì di olórí ìlú Reims. Ẹ mọ irú wọn dáadáa. Ẹgbẹ́ tó bá wọlé ni tiwọn.

Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí ọ̀tẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ìyá aránṣọ kan ló fi aṣọ ọmọ tálákà bo Barbe-Nicole lára, tó mú un jáde nílé ìwé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì, tó sì mú un gba àárín ìlú tó ti dàrú kọjá. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà yẹn.

Ní 1798, ó di ìyàwó François Clicquot, ọmọ olówó mìíràn ní Reims. Torí pé ìjọba ọ̀tẹ̀ ò fàyè gba ìjọsìn Kátólíìkì ní gbangba, ìtàn sọ pé abẹ́ ilẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ń kó wáìnì sí, ni àlùfáà ti so wọ́n pọ̀. Bàbá François, Philippe Clicquot, ń ṣòwò aṣọ, ó ń ṣiṣẹ́ báńkì, ó sì ti ń ta wáìnì láti 1772. Ẹ má rò pé wáìnì ló sọ ọ́ di olówó o. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń ta léèsì ní ọjà Balógun, tó wá gbé kúlà omi tútù kan síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ kúlà yẹn gan-an lọkàn François fà sí. Òun àtìyàwó rẹ̀ jọ ń kọ́ iṣẹ́ náà ni, wọ́n ń lọ sínú ọgbà àjàrà, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Clémentine, ní 1799. François tún rí ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Louis Bohne, ó gbà á síṣẹ́ kó máa bá wọn polówó ọjà káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ fi orúkọ Bohne yìí sọ́kàn.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1805, ibà dá François gúnlẹ̀, ó sì kú. Barbe-Nicole ò tíì pé ọdún 28. Ọmọ ọdún 6 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá ọkọ rẹ̀ ò lókun mọ́. Ọmọ ló kú fún un, ó ní kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ wáìnì náà pa. Ohun tí gbogbo ayé ń retí nìyẹn, kí opó ọ̀dọ́ padà sílé bàbá rẹ̀ tó lówó, kó wọ dúdú, kó máa retí ọkọ mìíràn. Òfin tí Napoleon gbé jáde ní 1804 sì ti de obìnrin mọ́lẹ̀. Obìnrin tó wà nílé ọkọ ò gbọ́dọ̀ dá ṣòwò, kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé àdéhùn, àyàfi tí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Opó ló bọ́ lábẹ́ àjàgà yẹn. Ikú tó gba ọkọ rẹ̀ ló fún un lágbára láti fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé. Ọ̀rọ̀ tó korò ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Barbe-Nicole lọ bá bàbá ọkọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa bá òwò náà lọ. Ó fẹ́ fi owó tirẹ̀ sí i, ó sì fẹ́ kí Bàbá náà fi owó sí i. Ẹ rò ó wò ná. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, ìyàwó ọmọ náà, tí kò dá òwò ṣe rí, wá ń tọrọ owó òkòwò lọ́wọ́ rẹ̀, òwò tó jẹ́ pé ọmọ tiẹ̀ gan-an ò rí jẹ nínú rẹ̀. Philippe gbà. Ó kàn ní kó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin pẹ̀lú Alexandre Fourneaux, ọkùnrin kan tó mọ wáìnì ṣe dénú.

Ibí yìí ni mo ti máa ń dúró nínú ìtàn obìnrin yìí. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ ọ́ ló máa ń yin opó náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi á yin bàbá ọkọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá wa níbí, lónìí tí a ní fóònù alágbèéká àti ilé ẹjọ́, ẹ lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkùnrin bá kú láìkọ̀wé ìhágún. Kí wọ́n tó sin òkú tán, àbúrò ọkọ ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin ti ń béèrè ìwé ilẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n á ṣú u lópó fún ẹnìkan nínú ẹbí, òun àti ẹrù inú ilé ni wọ́n jọ ń pín. Ní báyìí, wọn kì í sábà ṣú opó mọ́, ẹrù nìkan ni wọ́n ń kó. Mélòó ni òwò tó kú sínú irú ìpín bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ìyàwó ló mọ oníbàárà, òun ló mọ ẹni tó jẹ gbèsè, òun ló mọ ibi tí ọjà ti ń wá? Philippe Clicquot lówó, ó lágbára, ó sì lè fi ọwọ́ òsì ti obìnrin yẹn síta. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹbí rẹ̀ fi wà lórí tábìlì yín lóṣù yìí.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o, torí kò dára fún wọn. Ogun wà láàárín Napoleon àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dí òkun pa. Ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n kó lọ sí Amsterdam jókòó síbẹ̀ títí ó fi bà jẹ́. Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé ní 1810, Fourneaux kó owó tiẹ̀, ó lọ. Bàbá ọkọ tún gbọ́wọ́ sí àpò lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún yẹn ni obìnrin náà dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, Veuve Clicquot Ponsardin. Orúkọ ọkọ, orúkọ bàbá, àti opó tí í ṣe ipò tirẹ̀.

Ní 1811, ìràwọ̀ onírù ńlá kan yọ lójú ọ̀run ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi rí i. Oòrùn ọdún náà dára, èso àjàrà so, ó sì dùn. Àwọn àgbẹ̀ ní ìràwọ̀ ló ṣe é. Wáìnì ọdún yẹn dára débi pé wọ́n ń pè é ní wáìnì ìràwọ̀ onírù. Ta ló máa wá rà á? Napoleon ti kó ogun lọ bá Rọ́ṣíà ní 1812, ọba Rọ́ṣíà sì ti fòfin de wáìnì Faransé tó wà nínú ìgò. Rọ́ṣíà yìí sì ni ọjà tí opó náà fọkàn tẹ̀ jù.

Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1814, ogun ti yí padà, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ló wá wọ ìlú Reims. Wọ́n já wọ abẹ́ ilẹ̀ àwọn oníwáìnì, wọ́n ń mu ún bí omi. Wọ́n ní opó náà ò bínú, ó ní kí wọ́n máa mu, pé tí wọ́n bá délé wọn á padà wá san owó rẹ̀. Bóyá ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò sọ ọ́, ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ó ti rò ó.

Napoleon kúrò lórí oyè ní oṣù Kẹrin ọdún 1814. Ogun ń parí lọ, ṣùgbọ́n òfin Rọ́ṣíà ò tíì yí padà. Gbogbo àwọn oníwáìnì tó kù, títí kan Jean-Rémy Moët tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn, ń dúró kí ọ̀nà là. Barbe-Nicole ò dúró. Ó yá ọkọ̀ ojú omi kan tí àwọn ará Hóláǹdì ń tù, ó di ìgò 10,550 sínú rẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti 1811. Ó ní kí Louis Bohne bá ọkọ̀ náà lọ sí Königsberg, èbúté kan tó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà, tí kò jìnnà sí Rọ́ṣíà. Bí òfin bá ṣí, wọ́n á ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kí àwọn yòókù tó gbéra. Bí kò bá ṣí, tàbí tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà, ilé iṣẹ́ ti kú nìyẹn, owó Bàbá náà sì ti wọmi.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Òkìkí kàn pé ṣàmpéènì dé, wọ́n sì ń du ìgò mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó tún kó ẹrù kejì lọ kíákíá, ìyẹn dé St. Petersburg, kí àwọn yòókù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, Clicquot ti di orúkọ tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe ọtí náà fúnra rẹ̀, bí àwa náà ṣe máa ń fi orúkọ ilé iṣẹ́ kan pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ.

Ìṣòro tó wá dé jẹ́ irú èyí tí gbogbo oníṣòwò ń gbàdúrà fún. Àwọn tó fẹ́ rà á pọ̀ ju ìgò tó ti ṣetán lọ. Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ níbí, torí ibí yìí ló kan àpò yín.

Ẹ mọ bí ẹmu ṣe ń hó. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, afẹ́fẹ́ sì ń jáde lára rẹ̀. Tí ẹ bá dé e pa, ó lè bú. Ṣàmpéènì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe wáìnì lásán, tí kì í hó. Wọ́n á wá rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i, wọ́n á dé e pinpin. Inú ìgò yẹn ló ti máa hó lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ ò sì ní rí ọ̀nà jáde, á wọnú wáìnì lọ. Láyé ìgbà yẹn, ìgò ń bú lemọ́lemọ́ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ máa ń fi irin bo ojú. Àmọ́ tí ìwúkàrà bá ti jẹun tán, á kú, á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú ìgò. Ọtí á ṣú bí omi ògì. Kí wọ́n tó lè tà á, àfi kí wọ́n dà á láti inú ìgò kan sí òmíràn, ìfófòó á sì máa ṣòfò, tàbí kí wọ́n máa fi sùúrù tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń pẹ́, ó sì ń jẹ owó.

Nǹkan bí 1816, Barbe-Nicole mú tábìlì onígi, ó ní kí wọ́n lu ihò sára rẹ̀. Wọ́n wá ki ọrùn ìgò bọ inú ihò wọ̀nyẹn, ìdí sókè, ọrùn nísàlẹ̀. Lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ á yí ìgò kọ̀ọ̀kan díẹ̀, á sì mì í díẹ̀. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ti rọra yọ̀ wá sí ẹnu kọ́ọ̀kì. Wọ́n á ṣí i fìrì, agbára afẹ́fẹ́ á ta ìdọ̀tí náà síta, wọ́n á fi wáìnì àti ṣúgà díẹ̀ dí àlàfo rẹ̀, wọ́n á sì dé e padà. Ohun tó kù nínú ìgò ti tòrò bí omi àpáta, ìfófòó rẹ̀ ò sì dín. Antoine Müller tó jẹ́ ọ̀gá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ bá a tún iṣẹ́ náà ṣe. Fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn oníwáìnì yòókù ò mọ bí opó náà ṣe ń rí ọtí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tà ní kíákíá. Ẹ wo irú àwárí tó jẹ́ o, tábìlì àti ihò! Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe é níbi púpọ̀ lónìí, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ìdí pẹpẹ ọjà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa béèrè ni ibi tí ìgò yẹn ti hó. Champagne ni orúkọ tí òfin fi pa mọ́ fún wáìnì agbègbè tí obìnrin yìí ti wá, inú ìgò ló sì gbọ́dọ̀ ti hó. Cava ti ilẹ̀ Sípéènì náà, inú ìgò ni. Èyí tí àwọn ará South Africa ń pè ní Cap Classique, inú ìgò ni. Bí ẹ bá rí Crémant tàbí méthode traditionnelle lára ìgò Faransé, ọ̀nà opó náà ni wọ́n tọ̀. Prosecco ti ilẹ̀ Ítálì ní tiẹ̀, inú àgbá ńlá oní-irin ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń hó kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ọtí burúkú. Òórùn èso rẹ̀ máa ń ta sánsán, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó. Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta Prosecco fún yín ní owó ṣàmpéènì torí pé ìgò rẹ̀ ń dán. Tí ẹ bá ń ṣe pátì èèyàn 200, tí ẹ sì fẹ́ kí gbogbo tábìlì rí nǹkan gbé sókè, èmi á ra Cava tàbí Cap Classique, màá fi owó tó kù sí ẹran.

Àwọn kan á ní kí ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ọdún sí. Ọdún tí wọ́n ká èso àjàrà ni, bíi 1811 ti opó náà. Ṣàmpéènì tí kò ní ọdún, oṣù 15 ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ lò kó tó jáde. Èyí tó ní ọdún, ọdún mẹ́ta. Ó yẹ fún ẹni tó máa jókòó mu ún. Láàárín ariwo DJ, owó yẹn ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ opó wa. Ní 1818, ó po wáìnì pupa mọ́ funfun, ó fi ṣe ṣàmpéènì aláwọ̀ osùn. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ máa ń fi èso igbó kùn ún láwọ̀ ni. Clémentine fẹ́ ọlọ́lá kan, ọkùnrin ẹlẹ́wà tó mọ owó ná ju bó ṣe mọ ọ́n wá lọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ fún un lówó, ó kọ́ ilé ńlá fún ẹbí, àmọ́ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan òwò náà rárá. Édouard Werlé, ọ̀dọ́kùnrin ará Jámánì kan tó gbà síṣẹ́ ní 1821, ló gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí báńkì tí owó wọn wà dẹnu kọlẹ̀ ní 1828, Werlé fi dúkìá ara rẹ̀ dúró fún ilé iṣẹ́ náà. Ní 1831, obìnrin náà sọ ọ́ di alábàáṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì ni òwò náà bọ́ sí nígbà tó kú. Ẹbí rẹ̀ jogún ilé àti owó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló jogún iṣẹ́.

Kò fẹ́ ọkọ mìíràn láti ìgbà tó ti di opó ní ọmọ ọdún 27. Bó bá fẹ́, ọkọ tuntun ló máa padà ni ọwọ́ tó ń buwọ́ lùwé. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1866 ló kú ní Boursault, ó ti pé ọdún 88.

Bébà aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo yín mọ̀ ọ́n mọ́ yẹn, obìnrin náà ò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1877 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọdún 11 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2010, àwọn òmùwẹ̀ rí ọkọ̀ ojú omi kan tó ti rì láti ayé rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ òkun Baltic, lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù Åland ti ilẹ̀ Finland. Ìgò 168 ni wọ́n kó jáde. Kò sí bébà kankan lára wọn mọ́. Àmì tí wọ́n fi iná tẹ̀ sí ìdí kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi mọ̀ pé ti opó Clicquot wà nínú wọn. Ní 2011, wọ́n ta ọ̀kan nínú ìgò Clicquot yẹn ní gbàǹjo, ó mú 30,000 owó Yúrò wá.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ inú rẹ̀ wò. Ṣúgà tó wà nínú lítà kan tó nǹkan bíi 150 gíráàmù. Ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ̀ ń mu lónìí ní bíi 100. Àwọn ará Rọ́ṣíà sì fẹ́ kó dùn jùyẹn lọ nígbà yẹn. Opó mìíràn, Louise Pommery, náà ní Reims, ló mú ṣúgà kúrò ní 1874, torí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ kó dùn. Ibẹ̀ ni Brut òde òní ti di gbajúmọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá lára ìgò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pátì ti ń bàjẹ́. Brut kò dùn. Ṣúgà rẹ̀ ò pé gíráàmù 12 nínú lítà. Extra Dry ń tan èèyàn jẹ, torí ó dùn díẹ̀ ju Brut lọ, 12 sí 17. Demi-Sec ló dùn gan-an, 32 sí 50. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra Brut olówó ńlá fún àwọn ìyá ìyàwó, tí gbogbo wọn fajú ro bí ẹni tó mu omi orógbó, tí wọ́n sì rọra ti ife sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n mu kò burú. Ẹni tó rà á ló wo àwọ̀ bébà nìkan. Tí ẹ bá máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì, tàbí jọ́lọ́ọ̀fù tó ta dáadáa, ẹ ra Demi-Sec. Ata àti Brut máa ń bára wọn jà lẹ́nu. Àmọ́ fún púfúpúfú, sàmósà, adìyẹ díńdín, gbogbo ohun tó bá ti rí òróró, Brut ni, ó máa ń ge òróró kúrò lẹ́nu. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀làjú nìkan ló ń mu Brut, ẹ rán an létí pé opó náà di olówó lórí ọtí tó dùn ju ẹlẹ́rìndòdò lọ.

Ẹ jẹ́ kó tutù, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dì. Wákàtí mẹ́ta nínú fíríìjì tó. Bí kò bá sí iná, ẹ kó o sínú báàfù tó kún fún yìnyín àti omi fún ìṣẹ́jú 30, omi yẹn ṣe pàtàkì torí yìnyín nìkan kì í yára. Ẹ má mì í bíi ti àwọn eléré mọ́tò. Agbára afẹ́fẹ́ inú ìgò kan tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti táyà ọkọ̀, kọ́ọ̀kì tó bá fò lè fọ́ ojú àlejò. Ẹ dorí ìgò kọ ibi tí kò séèyàn, ẹ tú wáyà rẹ̀, àtàǹpàkò yín ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí kọ́ọ̀kì. Ẹ wá di kọ́ọ̀kì mú, kí ẹ máa yí ìgò. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, kò ní pariwo, á kàn mí fìì.